Tí wọ́n bá kéde ẹlòmíì, kàlẹ́ńdà ni kí ẹ kọ́kọ́ mú

Akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì lọ́yà kan n'Ìbàdàn. Mi ò wọ ẹ̀wù dúdú rí, ṣùgbọ́n láti 2011 ni mo ti ń ru fáìlì ẹjọ́ ìbò lọ sí tìrìbúnà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ du ipò aṣòfin, tí INEC ní ẹ ò wọlé, ẹ gbọ́ tẹnu mi kẹ́ ẹ tó sanwó fún ọ̀gá mi.

Ọjọ́ 21 péré ni abala 285 nínú ìwé òfin Nàìjíríà fún yín láti gbé ẹ̀sùn wọlé lẹ́yìn tí wọ́n bá kéde èsì. Sunday wà nínú ẹ̀, ọlidé wà nínú ẹ̀. Ọjọ́ 18 oṣù kẹta 2023 la dìbò ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. Oníbàárà wa kan, Monday ọjọ́ 20 ni wọ́n kéde èsì tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ka ọjọ́ náà mọ́ ọn, ọjọ́ kọkànlélógún bọ́ sí 9 oṣù kẹrin, Sunday Àjíǹde gan-an. Friday tó ṣáájú rẹ̀, ọlidé. Monday tó tẹ̀ lé e, ọlidé. Thursday ọjọ́ 6 la sáré gbé e wọlé, tí mo ń làágùn bí ẹni tó ń gúnyán. Àwọn lọ́yà kan ń jiyàn pé ọjọ́ ìkéde kì í sí nínú ònkà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jiyàn wọn, ẹ̀yin ẹ kà á mọ́ ọn. Láti 2012 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ pé ọjọ́ tí òfin dá fún ẹjọ́ ìbò dà bí òkè Síónì, kò ṣeé sún. Tìrìbúnà pàápàá, ọjọ́ 180 ló ní láti dájọ́. Bó bá ré kọjá, ẹjọ́ ti kú nìyẹn.

Bébà ló kàn. Fọ́ọ̀mù EC8A ni wọ́n ń kọ èsì ibùdó ìdìbò sí, EC8B ni ti wọ́ọ̀dù. Ẹ̀dà pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fún ẹ́jẹ̀ńtì yín, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ ìdìbò, kẹ́ ẹ tó fún un lówó ọkọ̀. Ẹnì kan mú tiẹ̀ wá bá wa lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ní 2015, epo àkàrà ti bo ibi tí iye ìbò wà. Ẹ kọ lẹ́tà sí INEC lọ́jọ́ kejì pé ẹ fẹ́ ẹ̀dà tí wọ́n fòǹtẹ̀ jẹ́rìí sí, títí kan àkọsílẹ̀ BVAS, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ olùdìbò wò ní ibùdó. Ẹ sanwó, ẹ gba rìsíìtì, ẹ jẹ́ kí wọ́n buwọ́ lu ẹ̀dà lẹ́tà tó wà lọ́wọ́ yín pé àwọn ti gbà á.

Ẹ wá jókòó ti ìṣirò. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń kú, torí inú ń bí olúwarẹ̀, kò fẹ́ ka nǹkan kan. Ká ní ìbò 412 ni wọ́n fi jù yín lọ, ẹ sì ní jàgídíjàgan ṣẹlẹ̀ ní ibùdó mẹ́sàn-án. Tí gbogbo ìbò tó wà níbẹ̀ ò ju 300 lọ, adájọ́ á gbà pé jàgídíjàgan ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, á sì dá ẹjọ́ yín nù, torí kò lè yí èsì padà. Ibùdó tí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ lè yí i padà ni kẹ́ ẹ dojú kọ. Ẹ fi ti ìyókù sílẹ̀, bó ti wù kó dùn yín tó.

Ohun mẹ́ta péré ni òfin ìdìbò 2022 tá a lò ní 2023 gbà kéèyàn fi pẹjọ́: ẹni tó wọlé kò yẹ lẹ́ni tó ń dupò, màgòmágó tàbí àìtẹ̀lé òfin bá ìdìbò jẹ́, tàbí òun kọ́ ló ní ìbò tó tọ́ tó pọ̀ jù. Ìjà ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ kò sí níbẹ̀. Ọjọ́ 14 ni ti ìyẹn, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n sì ń gbé e lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí yóò wà ní kíkọ, pẹ̀lú ìbúra, á sì bá ẹ̀sùn wọlé lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó dúró ní ibùdó yẹn ni kó sọ̀rọ̀. Ẹ́jẹ̀ńtì wọ́ọ̀dù tó ní "wọ́n sọ fún mi pé", lọ́yà INEC á fi ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ má sì kó àpò bébà dà síwájú adájọ́ láìsí ẹni tó máa ṣàlàyé rẹ̀ ní ojú-ewé-sí-ojú-ewé.

Ẹni tó wọlé lè máa sá fún bélífù, òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́ tó ń mú ìwé ẹjọ́ wá. Ẹ tètè tọrọ àṣẹ láti lẹ ìwé ẹjọ́ mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Tí ìwé bá ti lọ, tí ìdáhùn rẹ̀ ti bọ̀, ọjọ́ méje lẹ ní láti fi fọ́ọ̀mù TF007 béèrè ìjókòó ìṣáájú. Ọ́fíìsì kan tí mo bá ṣiṣẹ́ rí gbàgbé rẹ̀. Tìrìbúnà ní a ti pa ẹjọ́ tì, ó wọ́gi lé e, a ò tíì pe ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo.

Tẹ́ ẹ bá pàdánù, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ni òpin ọ̀nà fún aṣòfin, láàárín ọjọ́ 60. Ẹ wo Plateau. Ní 2023, ilé ẹjọ́ yìí yọ Gómìnà Mutfwang pẹ̀lú àwọn aṣòfin PDP, wọ́n ní ètò inú ẹgbẹ́ wọn kò bófin mu. Ní January 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá gómìnà padà, ó ní ọ̀rọ̀ abẹ́lé ẹgbẹ́ kì í ṣe ti tìrìbúnà. Àwọn aṣòfin ńkọ́? Ẹjọ́ tiwọn ti parí, ilé ni wọ́n ti gbọ́ ìròyìn náà.