Bí A Ṣe Lè Tọ́jú Oko Kòkó Kí Àwọn Kòkòrò Tó Ń Mú Un So Má Baà Run

Ní àgbègbè Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà, oko tí ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ féfé ni wọ́n fi ń yin àgbẹ̀. Ìyìn náà tọ́ sí oko ẹ̀gẹ́ tàbí ti àgbàdo, ṣùgbọ́n oko kòkó tí a gbá bí àgbàlá yóò jìyà rẹ̀ nígbà ìkórè. Ara igi gan-an àti ẹ̀ka tó ti gbó ni òdòdó kòkó ti ń yọ; ìyẹ̀fun inú rẹ̀ tó ń mú un so lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò fi lè gbé e, inú ewé òdòdó tó ká bí àpò ló sì fara pamọ́ sí. Kòkòrò abìyẹ́ kan tó jọ kantíkantí, tí kò gùn ju mìlímítà 3 lọ, ló ń gbé e láti orí igi kan dé òmíràn. Òdòdó tí kòkòrò yìí kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan sí méjì yóò já bọ́, nínú 100 òdòdó sì rèé, agbára káká ni 5 fi ń di èso.

Inú ohun tó ń jẹrà, tó sì tutù, ni kòkòrò náà ti ń pamọ. Nítorí náà, bí ẹ bá ro oko tán, ẹ má ṣe kó ewé kòkó tó wà nílẹ̀ jọ sun. Bí ẹ bá bẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ gé igi rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ tó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, kí ẹ sì tò wọ́n sábẹ́ kòkó níbi tí oòrùn kò ti ní rí wọn, pàápàá nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ tí òdòdó sì ń yọ. Tó bá yá, ẹ fi ẹnu àdá yí ọ̀kan padà: bó bá ti rọ̀, tí àwọn ìdin tíntìnnì sì ń rìn nínú omi rẹ̀, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Èèpo kòkó náà dára fún èyí, àmọ́ ẹ kó èyí tí àrùn ti sọ di dúdú jáde kúrò lóko, kó má baà ran àwọn èso tó kù.

Ọ̀rọ̀ igi ńlá gba àròjinlẹ̀. Ní Gánà, wọ́n ń gba àgbẹ̀ níyànjú láti jẹ́ kí nǹkan bíi mítà 24 wà láàárín igi ibòji kan sí èkejì. Afàrá, ayúnrẹ́ àti ìrókò dára; ayúnrẹ́ tilẹ̀ tún ń fi ọ̀rá kún ilẹ̀. Ojú tí mo fi ń wo àràbà àti obì yàtọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obì kì í wọ́n nínú oko wa, nítorí pé ẹbí kan náà ni wọ́n pẹ̀lú kòkó, àwọn kòkòrò tó ń fa omi ara kòkó mu sì lè sá sí ara wọn. Bí ibòji bá wá pọ̀ jù, ẹ gé ẹ̀ka díẹ̀ kúrò, torí ọ̀rinrin tí kò gbẹ ló ń bí àrùn tó ń sọ èso di dúdú.

Bí ìrókò bá hù fúnra rẹ̀ lóko yín, ẹ má ṣán an dànù. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àdán ló gbìn ín, irú àwọn àdán ńlá tó ń so rọ̀ sórí igi ní ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí àwọn èèyàn ń bú nítorí ariwo wọn. Wọ́n ń jẹ èso ìrókò lóru, wọ́n á sì yàgbẹ́ hóró rẹ̀ síbi tó jìnnà.

Ó ku ọ̀rọ̀ oògùn. Lindane, èyí tó wà nínú Gamalin 20 tí àwọn bàbá wa fi ń fín kòkó, tí àwọn kan sì ń dà sódò láti fi pa ẹja, wọ inú àkọsílẹ̀ àwọn oògùn tí àdéhùn Stockholm, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe lórí kẹ́míkà olóró tí kì í tètè tán nílẹ̀, ní kí ayé pa tì ní 2009. Èyíkéyìí tí ẹ bá ń lò báyìí, ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fín in, nítorí òwúrọ̀ ni òdòdó là, tí kòkòrò wa sì ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi igbó díẹ̀ sílẹ̀ létí odò, ẹ má sì fọ pọ́ọ̀mpù níbẹ̀.