Ọjọ́ 14 Lẹ́yìn Tí Wọ́n Gé Ẹran Tó Hù Nínú Ìdí: Bí A Ṣe Ń Ṣọ́ Ara

Láàárọ̀ ni wọ́n fi ẹ̀rọ oníkámẹ́rà gé ẹran tó hù sínú ìfun ńlá yín láti ìdí (ẹran tí àwọn dókítà ń pè ní polyp), nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ẹ ti délé, inú gbogbo ilé sì dùn. Àmọ́ egbò wà nínú lọ́hùn-ún tí ojú ò rí. Èépá yóò bò ó, lẹ́yìn náà èépá yóò ṣí kúrò, ẹ̀jẹ̀ sì lè tú níbẹ̀ títí di nǹkan bí ọjọ́ 14, nígbà tí ara ti yá, tí a ti gbàgbé.

Kí ẹ tó lọ ṣe é rárá, ẹ sọ fún dókítà bí ẹ bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, bíi warfarin, clopidogrel tàbí aspirin. Ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ má sì dá a bẹ̀rẹ̀ padà. Ẹ ní kó kọ ọjọ́ tí ẹ ó padà sí i sínú ìwé fún yín.

Lọ́jọ́ náà, kí ẹnìkan bá yín lọ. Oògùn oorun tí wọ́n fún yín kì í tètè kúrò lára: fún wákàtí 24, ẹ má wa ọkọ̀, ẹ má mu ọtí, ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan. Ikùn lè wú díẹ̀ nítorí afẹ́fẹ́ tí wọ́n fẹ́ sínú rẹ̀. Ẹ rìn káàkiri inú ilé, ẹ só, yóò rọ̀.

Bí ó bá ń dùn yín, paracetamol ni kí ẹ lò. Ẹ jìnnà sí ibuprofen àti diclofenac, àyàfi tí dókítà bá ní kí ẹ lò ó. Ẹ rántí pé aspirin wà nínú Alábùkún tí a máa ń rà lọ́wọ́ ìyá ọlọ́jà.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí jù nìyí. Bí ará ilé bá ti gbọ́ "ìdí", jẹ̀dí-jẹ̀dí ló máa ń wá sí wọn lọ́kàn, wọ́n á sì gbé agbo wá. Agbo jẹ̀dí máa ń mú kí èèyàn yàgbẹ́ gidigidi, òmíràn sì ní ọtí nínú. Ìfẹ́ ni wọ́n fi gbé e wá, nítorí náà ẹ má bá wọn jà: "Ẹ ṣé, Màámi. Dókítà ní kí n má mu agbo kankan fún ọ̀sẹ̀ méjì." Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi omi fọ inú yín láti ìdí, ẹ má sì ti nǹkan kan bọ̀ ọ́.

Ìgbẹ́ líle náà lè ṣí egbò. Ẹ máa mu omi dáadáa, ẹ jẹ ìbẹ́pẹ àti ẹ̀fọ́, ẹ má tiraka ní ilé ìyàgbẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà ní Balógun, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé ìdì aṣọ ní ọ̀sẹ̀ méjì yìí.

Ẹ̀jẹ̀ kékeré nínú ìgbẹ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe ohun ìpayà. Àmọ́ bí ẹ̀jẹ̀ bá ń wá léraléra tàbí tó dì, tàbí tí òòyì ń kọ́ yín, tàbí tí ara yín gbóná, tàbí tí ikùn le bí pátákó tó sì ń dùn gan-an, ẹ lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà ni wọ́n ti ṣe é, tí ẹ sì ń gbé Àjàh, ẹ ti béèrè ṣáájú ilé ìwòsàn wo nítòsí yín ló lè gbà yín, kí gosìló orí Third Mainland Bridge má baà dá yín dúró. Nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó ni 767 tàbí 112.

Wọ́n á ti fi ẹran tí wọ́n gé ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò. Ẹ padà lọ gba èsì rẹ̀ fúnra yín, kí ẹ sì béèrè ìgbà tí wọ́n tún máa fi ẹ̀rọ wo inú yín.