Òrùlé Lẹ̀ Ń Rà: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nídìí Ríra Kọnfátíbù Àlòkù ní Àgbádárìgì

Ẹni tó ti ní ọkọ̀ asáré kan nílé, tó wá fẹ́ fi kọnfátíbù, ìyẹn ọkọ̀ tí òrùlé rẹ̀ ṣeé ṣí, kún un, kì í sábà jẹ́ ẹni tí kò mọ ọkọ̀. Ó mọ bí ẹ́ńjìnnì tó dáa ṣe ń dún, ó sì ti ní mẹkáníìkì tó fọkàn tán. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí bó ṣe yẹ àkọ́kọ́ wò náà ló ṣe máa yẹ èkejì wò. Á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á tẹná mọ́ ọn, á wà á lọ wà á bọ̀. Òrùlé ńkọ́? Wọ́n á ṣí i fún un lẹ́ẹ̀kan péré, atẹ́gùn òkun á fẹ́ sí i lójú, ọjà ti tà nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láàárín òkun àti ọ̀sà tí a wà yìí, òrùlé ni ọkọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá kọṣẹ́, ẹ máa rí òmíràn ní ASPAMDA, ọjà páàtì ọkọ̀ tó wà ní Trade Fair, ojú ọ̀nà yín náà ni. Bí òrùlé bá kọṣẹ́, ẹ lè wá páàtì rẹ̀ títí dé Ládìípọ̀ kẹ́ ẹ sì padà lọ́wọ́ òfo, torí ìwọ̀nba ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń tú palẹ̀ fún páàtì.

Ẹ má gbà pé bátìrì ló kú

Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ọkọ̀ lẹ́bàá títì, láti Agbárá títí dé Mòwó, àwáwí méjì lẹ máa gbọ́ jù: bátìrì ló kú, tàbí fíúsì ló jó.

"Dádì, fíúsì lásán ni o. Rewáyà yín á ṣe é, kò tó nǹkan."

"Ó dáa, àbúrò. Nígbà tí kò ti tó nǹkan, lọ rà á wá ká jọ wò ó."

Bó bá jẹ́ fíúsì ni lóòótọ́, ọmọ náà á ti rà á kẹ́ ẹ tó dé. Kọnfátíbù tí òrùlé rẹ̀ ń ṣí gbowó lórí dáadáa ju èyí tí kò ṣí lọ, kò sì sí ọlọ́jà tó máa jẹ́ kí owó fíúsì dí èrè òun lọ́wọ́.

Ẹ kọ́kọ́ tan ẹ́ńjìnnì, torí mọ́tò òrùlé ń jẹ iná bátìrì púpọ̀. Ẹ ṣí òrùlé náà tán, ẹ pa á dé tán, kẹ́ ẹ sì tún un ṣe títí á fi di ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀kan ò tó. Páǹpù tó ti ń rẹ̀ ṣì lè gbé e lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó bá fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹta, á ti máa kérora, òrùlé á sì dúró lágbedeméjì bí ẹni tó gbàgbé ohun tó ń lọ mú. Ẹ wò ó bóyá ọ̀tún àti òsì jọ ń gbéra. Bí apá kan bá ń ṣáájú èkejì, irin rẹ̀ ti ń lọ́ nìyẹn. Ẹ ṣọ́ ọwọ́ ẹni tó ń tà á pẹ̀lú. Bó bá rọra rìn lọ sẹ́yìn ọkọ̀, tó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé òrùlé bíi pé ó ń nu eruku, òun ló ń bá ẹ̀rọ gbé e. Ẹ ní kó wá dúró tì yín níwájú, kẹ́ ẹ tún un ṣe.

Òróró ló ń ti ọ̀pọ̀ òrùlé wọ̀nyí, rọ́bà tó sì ń dí òróró náà mọ́lé máa ń gbó. Lára Mercedes CLK ti ọdún 1998 sí 2003, ibi tó ti máa ń jò ni òkè gíláàsì iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí tí awakọ̀ fi ń wẹ̀yìn. Á máa kán sí awakọ̀ lórí. Ẹ fi ìka ra aṣọ òkè níbẹ̀. Bó bá ń yọ̀, tàbí tí àbàwọ́n wà níbẹ̀ tí wọ́n ti fọ̀ tì, ẹ ti rí ìdáhùn yín.

Òrùlé onírin tó ń ká ara rẹ̀ sínú búùtù, irú èyí tí Mercedes SLK gbé jáde lọ́dún 1996, tí Peugeot 307 CC àti Volkswagen Eos náà ní, máa ń wu àwọn ènìyàn wa gan-an. Wọ́n ní olè ò lè fi abẹ ya á. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n oríkèé rẹ̀ pọ̀ ju ti aláṣọ lọ, wáyà rẹ̀ pọ̀, rọ́bà rẹ̀ pọ̀, tó bá sì ti ká wọlé, búùtù ò fẹ́rẹ̀ẹ́ gba báàgì kan mọ́. Fún ọkọ̀ kejì tí wọn ò ní máa wà lójoojúmọ́, èmi ò jẹ́ fowó mi rà á. Mazda MX-5 tí ẹ máa fi ọwọ́ ara yín ká òrùlé aláṣọ rẹ̀ sẹ́yìn tẹ́ mi lọ́rùn ju gbogbo wọn lọ: kò ní páǹpù, kò ní mọ́tò, kò sì sí fíúsì tí ẹnikẹ́ni máa fi bò yín lójú.

Ẹ má rà á nígbà ọyẹ́ láìda omi sí i

Ìgbà ọdún Kérésìmesì ni ọjà kọnfátíbù máa ń yá jù, torí fáàrí. Ilẹ̀ ti gbẹ, oòrùn ń ràn, kò sí ọkọ̀ tó ń jò lóṣù Kejìlá. Oṣù Kẹfà ni ojú ń là.

Ẹ gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀. Kí wọ́n fi rọ́bà omi wẹ òrùlé náà dáadáa, pàápàá igun tí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ti pàdé òrùlé, kẹ́ni kan sì jókòó sínú ọkọ̀ kó máa wò. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé rọ́bà ìtẹ́lẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ ki ọwọ́ bọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Òkè kápẹ́ẹ̀tì lè gbẹ kí fóòmù abẹ́ rẹ̀ sì rin gbingbin. Ẹ ṣí ibi tí táyà ìpamọ́ ń gbé, tàbí ìsàlẹ̀ búùtù bí kò bá ní táyà ìpamọ́. Bí ìpẹtà bá wà níbẹ̀, omi ti ń gbé ibẹ̀ ọjọ́ ti pẹ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé wọ́n ṣe kọnfátíbù kí omi lè gba ara rẹ̀ kọjá. Omi tó bá ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ òrùlé ní ihò tó ń gbà jáde sílẹ̀. Ewé, iyanrìn àti eruku ọyẹ́ ló máa ń dí ihò náà. Lára BMW Z4 àkọ́kọ́, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lọ́dún 2002, mọ́tò tó ń gbé òrùlé wà nísàlẹ̀ kòtò tí òrùlé ń ká sí. Bí ihò bá dí, omi á kún bo mọ́tò náà, ó parí. Lára Porsche Boxster àkọ́kọ́, abẹ́ ìjókòó ni omi máa ń lọ, ibẹ̀ sì ni kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ kí ọkọ̀ tan wà. Ọkọ̀ tó sùn síta lóru òjò ò ní dáhùn láàárọ̀. Ti MX-5 máa ń dákẹ́ jẹ irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ fi ọwọ́ tẹ ibẹ̀, ní iwájú táyà ẹ̀yìn gan-an, kí ọ̀dà tuntun má tàn yín.

Ní tiwa, iyọ̀ òkun tún ń ràn án lọ́wọ́. Ọkọ̀ tó ń gbé etí òkun gbọ́dọ̀ máa fi omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ ṣan abẹ́.

Aṣọ òrùlé kò le tó bẹ́ẹ̀ láti yẹ̀ wò. Bí gíláàsì ẹ̀yìn bá jẹ́ oníke, bíi ti Boxster àtijọ́ àti Honda S2000 àkọ́kọ́, oòrùn á ti sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú, á sì ti máa sán. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí àwọn tó ń rán ìjókòó ọkọ̀ ti fi rẹ́síìnì bo òrùlé rẹ̀ tuntun. Ó máa ń dán, ṣùgbọ́n rẹ́síìnì ìjókòó dánfó kì í ká bó ṣe yẹ, á sì máa fa irin. Nígbà tẹ́ ẹ bá sì rà á tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má páàkì rẹ̀ sábẹ́ àgbọn. Ìlú àgbọn ni ìlú yìí.

Ẹ má wo owó pọ́ọ́kú nìkan

Kọnfátíbù tó wá láti ìlú Gẹ̀ẹ́sì kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà. Láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń wakọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún títì, òfin ò sì gba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn kan á ní àwọn ti yí i sí òsì. Ẹ wo dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n gbé àpò afẹ́fẹ́ inú sítíárìn sí.

Ti Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ ń jẹ́ kí á mọ ọdún rẹ̀. Lára nọ́ńbà ṣáṣí, tó jẹ́ àmì mẹ́tàdínlógún, ìkẹwàá ló ń sọ ọdún: 4 ni 2004, 9 ni 2009, A ni 2010. Ẹni tó bá ní Mustang òun jẹ́ 2008 tí ìkẹwàá sì jẹ́ 5, ẹ mọ ohun tí ẹ máa sọ fún un. Ẹ fi nọ́ńbà náà wá ìtàn ọkọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó sọ iye kankan. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí omíyalé gbé lọ́hùn-ún, bíi ti ìjì Harvey lọ́dún 2017, ni wọ́n tà ní gbàǹjo, oòrùn ibẹ̀ sì gbẹ wọn kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ọ̀rọ̀ ẹnubodè Sẹmẹ̀ wá ńkọ́? A mọ ara wa. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé. Ọkọ̀ tó bá gba Kútọnu wọlé lẹ́yìn ìgbà yẹn, fàyàwọ́ ni, bó ti wù kí pátíkúlà rẹ̀ pé tó. Kọ́sítọ́ọ̀mù ò sì jìnnà sí ojú ọ̀nà wa. Wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ ẹni tó fi owó tó mọ́ rà á, kọnfátíbù pupa ò sì rọrùn láti fi pamọ́ láàárín Camry. Ìwé dúútì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bèèrè, kí wọ́n tó ṣí òrùlé rárá.

Ẹ má ra ìbejì èyí tó wà nílé

Ẹni tó ní ọkọ̀ asáré tó lágbára, tó tún lọ ra kọnfátíbù tó lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ, á rí i pé ọ̀kan ṣoṣo lòun ń wà. Gígé òrùlé kúrò máa ń sọ ara ọkọ̀ di rírọ̀; irin tí wọ́n fi kún abẹ́ rẹ̀ láti dí èyí ń mú kó wúwo. Ẹ gbé e gba ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́, kẹ́ ẹ wo dígí inú ọkọ̀ bó ṣe ń gbọ̀n. Nítorí náà, ẹ má lépa eré lára kọnfátíbù. Ẹ wá èyí tó kéré, tó fúyẹ́, tó dùn ún wà ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí oòrùn bá ti rọ̀.

Àmọ́ kó jẹ́ ẹbí pẹ̀lú èyí tó wà nílé. Bí ẹ bá ti ní BMW 330Ci, Z4 3.0i ti 2003 sí 2005 lo ẹ́ńjìnnì M54 kan náà. Ẹni tó mọ ibi tí ike ọ̀nà omi ẹ́ńjìnnì yín ti máa ń ya, á mọ ti èkejì pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ páàtì ẹ́ńjìnnì tí ẹ bá sì rà, á wọ méjèèjì.

Èyí tó kù ni ọ̀rọ̀ ìdúró lójú kan. Ọkọ̀ kejì máa ń dúró, ìdúró sì ń ba kọnfátíbù jẹ́ ju ìrìn lọ: rọ́bà á gbẹ, ihò omi á dí, eku á wọlé, táyà á tẹ́ lójú kan. Ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lára táyà kẹ́ ẹ tó sanwó. 2314 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014, bó ti wù kí ojú rẹ̀ jọ tuntun tó. Bí ẹ bá sì ń gbé Èkó, tí ẹ fẹ́ máa gbé ọkọ̀ náà sí ilé ìsinmi yín létí òkun, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún ọmọ tó ń ṣọ́lé. Kó máa tàn án lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó máa ṣí òrùlé kó sì máa pa á dé, kó máa fi omi ṣan abẹ́ rẹ̀. Á fi gbé ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ lọ sí etí òkun Suntan lọ́jọ́ Sátidé, kẹ́ ẹ gbà bẹ́ẹ̀ o. Ó sàn fún ọkọ̀ náà ju kó dúró lójú kan lọ.