Kí ìpín obìnrin má bàa sọnù nígbà tí a bá ń pín ogún Mùsùlùmí

Kì í ṣe ìdí ìṣirò ni ìpín obìnrin ti sábà máa ń sọnù. Kí ẹnikẹ́ni tó mú bírò ló ti máa ń lọ. Àbúrò olóògbé ti kó kọ́kọ́rọ́ ilé sápò, àwọn àgbà ẹbí ti ní ìdí-igi làwọn máa fi pín in, ìyẹn kí ọ̀wọ́ ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan gba ìpín ọgbọọgba, opó ṣì jókòó nínú yàrá, kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ ní pálọ̀. Ẹ tètè mú un.

Láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ mú ìwé, kí ẹ ya ohun tí kì í ṣe ti olóògbé sọ́tọ̀. Ọjà inú ṣọ́ọ̀bù ìyàwó, owó àjọ rẹ̀, fíríìjì tó fowó ara rẹ̀ rà, ilẹ̀ tó wà lórúkọ rẹ̀: ọ̀kankan nínú wọn kì í ṣe ogún. Súrátù Nísáì, ẹsẹ 32, sọ pé ohun tí obìnrin bá ṣiṣẹ́ rí, tirẹ̀ ni. Ilé tí tọkọtaya jọ kọ́ ló máa ń dá ìjà sílẹ̀. Kí opó wá rísíìtì sìmẹ́ǹtì àti páànù jáde, tàbí àkọsílẹ̀ owó tó san láti báńkì, kó sì pe bíríkìlà tó gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹlẹ́rìí á ti gbàgbé.

Lẹ́yìn náà ni owó ìsìnkú: ìwẹ̀ òkú, aṣọ funfun tí a fi dì í, owó agbẹ́lẹ̀. Ó tán. Màlúù fìdáù ọjọ́ kẹjọ kò sí níbẹ̀, kánópì àti àǹkò kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pa màlúù, kó yọ owó lápò ara rẹ̀, torí àwọn ọmọ òrukàn ló ni owó tí ẹ fẹ́ fi se ìrẹsì yẹn.

Gbèsè ló kàn, sàdáàkì (ẹ̀bùn ìgbéyàwó tó jẹ́ ẹ̀tọ́ ìyàwó) tí ọkọ kò tíì san sì wà lára rẹ̀, bákan náà pẹ̀lú owó tó yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Opó á gba sàdáàkì rẹ̀, á sì tún gba ìpín ogún rẹ̀. Ọ̀kan kò pa èkejì rẹ́. Bí wọ́n bá bi í níwájú èrò, nínú ẹkún, bóyá ó ti fi jin ọkọ rẹ̀, ẹ má gba ìdáhùn yẹn. Ẹ tún bi í ní ìkọ̀kọ̀ tó bá yá.

Wàsíyà, ohun tí olóògbé ní kí a fún ẹlòmíràn lẹ́yìn ikú òun, ló tẹ̀lé e. Kò gbọdọ̀ ju ìdámẹ́ta ohun tó kù lọ, a kì í sì í ṣe é fún ẹni tó ti wà nínú ogún. Bàbá tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí àkọ́bí òun ọkùnrin mú ilé, òfo ni àyàfi tí gbogbo àwọn tó kù bá fara mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe é. Bàbá olóògbé ti kú ṣáájú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wà láyé, ó ní ìyàwó 2, ọmọkùnrin 2, ọmọbìnrin 3. Ohun ìní rẹ̀ jẹ́ ₦18,400,000. Ìsìnkú gba ₦300,000, gbèsè ₦700,000, sàdáàkì ₦100,000, wàsíyà fún mọ́sálásí ₦500,000. Ó ku ₦16,800,000. A pín in sọ́nà 24, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ₦700,000. Ìyàwó méjèèjì jọ ní ìdámẹ́jọ, ìyẹn ọ̀nà 3: ₦1,050,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìyá ní ìdámẹ́fà: ₦2,800,000. Ọ̀nà 17 tó kù, ₦11,900,000, jẹ́ ti àwọn ọmọ, ọmọkùnrin méjì-méjì, ọmọbìnrin ọ̀kọ̀ọ̀kan: ₦3,400,000 fún ọkùnrin, ₦1,700,000 fún obìnrin. Ká ní ìdí-igi ni, tí ìyálé bí ọmọ 1, tí ìyàwó kejì bí 4, ọmọ kan ṣoṣo yẹn ì bá gba ìdajì gbogbo rẹ̀, ìyá olóògbé àtàwọn opó ì bá sì lọ lọ́wọ́ òfo.

Bí kò bá sí ọmọkùnrin, ẹ má jẹ́ kí àbúrò olóògbé kó gbogbo rẹ̀. Irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ láyé Ànábì: Sa'd ibn ar-Rabi, ọ̀kan nínú àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀, kú lójú ogun Uhud, arákùnrin rẹ̀ kó dúkìá lọ, opó sì kó ọmọbìnrin 2 wá fẹjọ́ sùn. Ànábì dá a pé, nínú ọ̀nà 24, kí àwọn ọmọ gba 16, ìyá wọn 3, arákùnrin 5 tó kù. Bó bá jẹ́ ọmọbìnrin kan péré ni, ìdajì ni tirẹ̀. Ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ kú láìní ọmọ kankan ń gba ìdámẹ́rin.

Ilé kò ṣeé fi ọ̀bẹ gé. Ẹ dá iye lé e, kí ẹnì kan ra ìpín àwọn tó kù, tàbí kí ẹ tà á, tàbí kí ẹ máa pín owó ilé. Nínú àpẹẹrẹ olóògbé oníyàwó 2 yẹn, bí ilé bá ń mú ₦1,680,000 wá lọ́dún, ₦105,000 ni ti opó kọ̀ọ̀kan, ₦170,000 ni ti ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan. "Ilé ẹbí ni, a kì í tà á" kò pa ìpín ẹnikẹ́ni rẹ́. Ẹ má sì lé opó jáde kí oṣù 4 àti ọjọ́ 10 rẹ̀ tó pé. Bó bá lóyún, títí yóò fi bímọ.

Àwọn ìgbìmọ̀ Ṣàríà wà n'Íbàdàn àti l'Ékòó, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ilé ẹjọ́ ìjọba. Kí gbogbo ẹbí buwọ́ lùwé pé àwọn á tẹ̀lé ìdájọ́ kí wọ́n tó gbọ́ iye tó kan wọn, torí ẹni tí ìpín rẹ̀ kéré kì í fẹ́ buwọ́ lù ú mọ́. Owó báńkì ń béèrè ìwé àṣẹ láti ilé ẹjọ́ gíga. Ẹ rí i pé orúkọ obìnrin kan, ó kéré tán, wà lára àwọn tí ìwé náà fún láṣẹ. Ẹni tí olóògbé kọ sí báńkì bí ìbátan tó sún mọ́ ọn jù kì í ṣe olówó, alágbàtọ́ lásán ni.

Ìyàwó tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì kò sí nínú ogún yìí, nítorí náà ẹ̀bùn nígbà ayé tàbí wàsíyà nìkan ni ọ̀nà rẹ̀. Bákan náà ni bàbá tó fẹ́ fún ọmọbìnrin rẹ̀ ju ìpín rẹ̀ lọ: kó fún un ní ẹ̀bùn nígbà tára rẹ̀ le, kó sì jẹ́ kó gbà á sọ́wọ́, kí ìwé àti kọ́kọ́rọ́ kúrò lọ́dọ̀ òun. Lọ́nà Màlíkì, ẹ̀ka òfin Ìsìláàmù tí a ń tọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ilé tí bàbá fi lọ́rẹ lẹ́nu, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣì wà lápò rẹ̀ títí tó fi kú, ti padà di ogún.