Bá a ṣe ka agbo ilé wa kí wọ́n tó rí ààyè wó o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí pé báwo la ṣe ka agbo ilé wa, tá a sì ya pépà tiwa fún ìjọba, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé èmi kì í ṣe ẹnjiníà o. Pẹ́ńtì pupa ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. A jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, a bá X lára ògiri, àmì pé wọ́n máa wó o, lẹ́yìn Mápó n'Ìbàdàn níbi tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò Ògùnpa, ìjọba ní títì ńlá máa gba ibẹ̀ kọjá kí ìlú lè dára. Mo rí pépà tí wọ́n yà. Wọ́n kàn wo orí páànù látòkè ni, wọn ò mọ̀ pé yàrá ibi tá a sin bàbá bàbá wa sí ni títì yẹn gbà gan-an.

Mọ́gàjí, olórí agbo ilé wa, ní ká má bá ẹnikẹ́ni jà, ká lọ ka ara wa ná. Mo wo OpenStreetMap, máàpù ọ̀fẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ inú agbo ilé ò sí níbẹ̀ rárá, la bá fẹsẹ̀ rìn ín, à ń fi fóònù sàmì sí i. Ìbéèrè tá a fẹ́ bi àwọn èèyàn, KoboCollect la kó o sí, áàpù fóònù tí wọ́n fi ń gba ìdáhùn sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Àṣìṣe àkọ́kọ́: ọ̀sán la lọ. Àwọn obìnrin ti wà ní Ọjà Ọba, àwọn arúgbó nìkan la bá nílé, la bá padà lọ lálẹ́. Èkejì tún burú jùyẹn lọ, mò ń bi wọ́n pé kí lẹ fẹ́ kí ìjọba ṣe, gbogbo wọn ń sọ pé táà, táà, iná. Ìgbà tí mo yí i padà, tí mo ní ẹ mú mi lọ síbi tẹ́ ẹ ti ń pọn omi, tó bá dòru ńkọ́, ibo lẹ ń yàgbẹ́ sí, ọ̀rọ̀ wá jáde. Kànga kan wà, mo fẹsẹ̀ wọn ún dé ìdí ṣáláńgá, kò tó ìṣísẹ̀ méjìlá! Omi tí wọ́n sì ń mu nìyẹn.

Màmá kan na ọwọ́ sí ògiri, ó ní ibí ni omi dé ní 1980. Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ni, èèyàn tó lé ní 100 ló bá a lọ, nígbà tó tún di 26 oṣù kẹjọ 2011 ni omi tún ya Ìbàdàn. Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí owó yíyá 200 mílíọ̀nù dọ́là fún ìpínlẹ̀ wa ní 2014 torí omíyalé yìí, kọ́tà tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ṣì dí fún ọ̀rá píọ́wọ́tà.

Ibi tó ti yé mi nìyẹn. Táà ò mu omi. Tẹ́ ẹ bá da táà sórí òkè, gbogbo òjò tí ilẹ̀ ń mu tẹ́lẹ̀ máa sáré lọ sọ́dọ̀ àwọn tó wà nísàlẹ̀. A wá ya pépà tiwa, a gbé títì wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀: ilé mélòó ló máa lọ, ta ló máa máa kó kọ́tà, ṣé ayálégbé tó wà níbẹ̀ á ṣì lè san owó ilé tó bá dára tán? Èyí tó kẹ́yìn yẹn, ẹnì kankan ò bèèrè ẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwa onílé gan-an ò fẹ́ dáhùn ẹ̀, ká má parọ́.

Tiwa ni kọ́tà tí wọ́n fi síláàbù bò, orí ẹ̀ náà lèèyàn á máa rìn. Síbẹ̀ mo gbà fún wọn lórí ẹyọ kan: ọkọ̀ panápaná ò lè wọlé. Àlàpà kan la rí pé ọkọ̀ lè ti yí po, ká sì fa ẹ̀rọ omi síbẹ̀. Àlàpà mọ̀lẹ́bí ni ṣá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi jà á lórí WhatsApp, ẹni tó wà ní London tí kò wálé láti ọjọ́ yìí ló pariwo jù.

A ti fi pépà tiwa sílẹ̀ lọ́fíìsì wọn, wọ́n tẹ sítáǹpù lé e. X ṣì wà lára ògiri. A ti fi ọwọ́ ara wa kó kọ́tà yẹn, àpò ìdọ̀tí mọ́kànlélógún, ibi tá a máa dà á sí la ṣì ń wá.