Ẹ rọra máa gbé fídíò tẹlifíṣàn sórí YouTube o

Ẹ̀yin èèyàn mi, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gé orin dàdàkúàdà látorí tẹlifíṣàn n'Ílọrin tẹ́ ẹ wá ń gbé e sórí YouTube, ẹ dákun ẹ gbọ́. Kíléèmù, ìyẹn kí ẹni tó ni fídíò sọ fún YouTube pé òun lòun ni ín, yàtọ̀ sí stráìkì, ìyẹn ìkìlọ̀ tí YouTube ń fi sọ́rùn ṣánẹ́ẹ̀lì tó lo ohun olóhun láìgbàṣẹ o. Ti kíléèmù, fídíò lè ṣì wà níbẹ̀ kí owó ìpolówó máa lọ sápò ẹni tó ni ín, àmọ́ stráìkì mẹ́ta láàárín ọjọ́ 90, wọ́n lè ti ṣánẹ́ẹ̀lì yín pa, gbogbo fídíò wòlímọ̀ tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín yà á sì bá a lọ, èyí gan-an ló ń dùn mí. Kẹ́ ẹ kọ "èmi kọ́ ni mo ni ín" sábẹ́ ẹ̀ ò lè gbà yín, kẹ́ ẹ pa fídíò yẹn rẹ́ náà ò lè mú stráìkì kúrò. Ẹ kọ́kọ́ lọ tọrọ àṣẹ ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn, kẹ́ ẹ sì gbà á ní kíkọ.