Bí A Ṣe Ń Fọ Kọ́ìlì Fépù Kí Èérí Má Bàa Dì Mọ́ Ọn

Bí fépù, ìyẹn ẹ̀rọ oníbátìrì tí à ń fa èéfín rẹ̀ bíi sìgá, bá bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ohun tó jóná, tí èéfín rẹ̀ ń dín kù, tí oje tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ sínú táǹkì rẹ̀ sì dúdú kí ilẹ̀ tó mọ́, kọ́ìlì, ìyẹn wáyà wíwé tí òwú wà nínú rẹ̀, tó ń mú oje gbóná di èéfín, ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Àwọn kan nílùú Èkó, yálà Balógun ni wọ́n ti rà á tàbí Computer Village ní Ìkẹjà, a máa sọ irú kọ́ìlì bẹ́ẹ̀ nù lójú ẹsẹ̀. Àwọn mìíràn a máa fà á bẹ́ẹ̀ títí yóò fi kú pátápátá. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ìnákúnàá, ṣùgbọ́n ti èkejì ló ń bà mí lẹ́rù, nítorí pé bí èérí bá ti dí òwú tó ń gbé oje wá, tí oje kò tètè dé ara wáyà mọ́, wáyà yóò gbóná kọjá bó ti yẹ, àwọn ohun olóró bíi formaldehyde àti acrolein yóò sì pọ̀ sí i nínú èéfín tí à ń fà. Kò sí fépù tí kò léwu, ṣùgbọ́n kọ́ìlì onídọ̀tí ń fi ewu kún ewu.

Inú oje ni èérí náà ti ń wá. Propylene glycol àti glycerin ló pọ̀ jù nínú oje, àwọn méjèèjì a sì máa di èéfín lọ. Sucralose tí wọ́n fi ń mú oje dùn kì í bá wọn lọ tán. Ńṣe ló ń jóná mọ́ wáyà gẹ́gẹ́ bí ṣúgà ṣe ń jóná mọ́ ìdí ìkòkò. Ìdí nìyí tí oje aládùn púpọ̀ fi ń tètè ba kọ́ìlì jẹ́.

Kí a tó gbé omi kaná, ó yẹ kí a mọ irú èyí tó wà lọ́wọ́ wa. Fépù àlòsọnù tí wọ́n ti lẹ̀ pa kò ṣeé fọ̀: bátìrì lithium wà nínú rẹ̀, ẹni tó bá sì fi ọ̀bẹ tú u lè dá iná sílẹ̀ nínú yàrá. Kọ́ìlì tó ti ilé iṣẹ́ wá pẹ̀lú òwú nínú ṣeé fọ̀, àmọ́ ọjọ́ díẹ̀ ni fífọ̀ yóò fi kún ọjọ́ ayé rẹ̀. Kò lè sọ ọ́ di tuntun. Kọ́ìlì tí a fi ọwọ́ ara wa wé, tí òwú rẹ̀ ṣeé yọ, ló ń jàǹfààní fífọ̀ jù lọ.

Ẹ pa ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì yọ bátìrì rẹ̀ bí ó bá ṣeé yọ. Ẹ da oje tó kù sínú ìgò. Nicotine inú oje a máa gba awọ ara wọlé, nítorí náà ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé wà nítòsí. Ẹ tú kọ́ìlì, ẹ fi tíṣù nù ún, kí ẹ wá gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ojú ihò kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni òwú ti ń hàn: bí ó bá ṣì funfun tàbí tó kàn pọ́n díẹ̀, ó ṣeé fọ̀, bí ó bá ti jó dúdú, ẹ sọ ọ́ nù, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu.

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Omi bọ́húùlù ní ọ̀pọ̀ àdúgbò wa ní irin nínú, àbàwọ́n pupa tó ń fi sílẹ̀ lára bákẹ́ẹ̀tì sì jẹ́rìí sí i, nítorí náà píọ̀ wọ́tà ló dára jù. Ẹ ri kọ́ìlì sínú ife, kí ẹ máa mì ín. Oje yóò máa tú jáde lójú ihò náà ní fọ́nrán-fọ́nrán. Ẹ máa pààrọ̀ omi títí tí kò fi ní ní àwọ̀ mọ́.

Ohun tí omi kò bá lè ṣí, isopropyl alcohol yóò ṣí i, èyí tí àwọn tó ń tún fóònù ṣe fi ń nu inú fóònù. Èyí tó jẹ́ ìdá 99 nínú 100 ni kí ẹ béèrè. Ẹ rọ ọ́ sínú ife gíláàsì kí ó bo kọ́ìlì, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan sí méjì níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, jìnnà sí gáàsì ìdáná, jẹnẹrétọ̀ àti ohunkóhun tó ń jó. Mo rọ̀ yín gidigidi pé kí ẹ má fi spírítì ilé ìpoògùn dípò rẹ̀, nítorí methanol lè wà nínú rẹ̀. Ẹ má sì lo ọṣẹ, kẹrosíìnì tàbí ògógóró. Ohun tó bá kù sínú òwú, inú ẹ̀dọ̀fóró yín ló ń lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án léraléra títí òórùn isopropyl alcohol náà yóò fi lọ.

Gbígbẹ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ní sùúrù fún, ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́. Afẹ́fẹ́ Èkó kún fún ọ̀rinrin nítorí òkun àti ọ̀sà tó yí wa ká. Ní oṣù kẹfà àti ìkeje tí òjò kì í dáwọ́ dúró, òwú tó gbẹ lójú ṣì lè tutù nínú. Ẹ gbé kọ́ìlì sórí tíṣù níwájú fáànù, tàbí lójú fèrèsé bí kò bá sí iná, fún wákàtí 24 ó kéré tán, àti 48 nígbà òjò. Ẹ má ṣe gbé e sórí sítóòfù, ẹ má sì tan fépù láti fi gbẹ ẹ́, nítorí isopropyl alcohol tó bá kù nínú rẹ̀ lè gbiná.

Ní ti kọ́ìlì àfọwọ́wé, ẹ yọ òwú àtijọ́ nù kí ẹ tó fọ wáyà. Bí wáyà bá gbẹ tán, tí èérí ṣì wà lára rẹ̀, ẹ lè fi wáàtì kékeré, ìyẹn agbára iná díẹ̀ láti inú ẹ̀rọ náà, mú un pọ́n díẹ̀díẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn èérí náà dànù kí ẹ tó fi òwú tuntun sí i. Wáyà tí wọ́n fi Kanthal, nichrome tàbí stainless steel ṣe nìkan ni kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún; ẹ má dán an wò pẹ̀lú nickel tàbí titanium láé.

Bí ẹ bá fẹ́ dá a padà sínú ẹ̀rọ, ẹ kán oje díẹ̀ sójú ihò òwú kọ̀ọ̀kan, ẹ rọ oje sínú táǹkì, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wáàtì tó kéré jù nínú èyí tí wọ́n kọ sára kọ́ìlì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa sinmi díẹ̀ láàárín fífà kan sí èkejì, kí oje lè ráyè wọ òwú, ẹ má sì jẹ́ kí táǹkì gbẹ. Bí òórùn jíjóná bá ṣì ń jáde lẹ́yìn gbogbo èyí, òwú ti jó nínú. Ẹ fi kọ́ìlì tuntun rọ́pò rẹ̀ kí ẹ tó tún fa fépù náà.